Igi gogoro má gùn mí lójú: Bí ẹ ṣe lè fi àṣẹ orí kọ̀ǹpútà ṣọ́ òwò yín tó wà lórí 'cloud'

Òwò ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Ghana kò dúró sórí tábìlì ọjà nìkan mọ́, ó ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan tó ń fi ìtọ́jú server jẹun bá àwọn oníṣòwò àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ ní Dichemso, nílùú Kumasi.

  

Yorùbá ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá síbí lónìí kò ju òwe yẹn lọ. Gbogbo ìyókù, àlàyé ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń rò ó lọ́kàn pé, kí ló kan àwa tí à ń ta aṣọ ní Kejetia, tàbí àwa tí à ń ta páàtì mọ́tò ní Suame Magazine, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ server? Ó kàn yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti ní ojú òpó tí oníbàárà ti ń rajà, tàbí áàpù tí ẹ fi ń ka ẹrù tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ti ní ilé kan níbi tí ojú yín kò tó. Ilé tí ojú onílé kò bá tó, olùṣọ́ ló ń bá a wò ó.

Kí ni 'cloud' yìí gan-an?

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ni, tó wà nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ti to jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ amútútù sí, tí ẹ wá háyà apá kan nínú rẹ̀. Amazon, Microsoft àti Google ló tóbi jù nínú àwọn tó ń fi í háyà. Microsoft ṣí tirẹ̀ sí South Africa lọ́dún 2019, Amazon ṣí ti Cape Town lọ́dún 2020, Google sì ṣí ti Johannesburg lọ́dún 2024.

Ẹni tó bá gbé Ghana láàárín 2012 sí 2016 kò nílò kí n ṣàlàyé 'dumsor' fún un. 'Dum' ni kí iná kú, 'sɔ' ni kó tàn. Nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, ó bọ́gbọ́n mu kí èèyàn má gbé gbogbo òwò rẹ̀ lé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó háyà ilé kò bọ́ lọ́wọ́ títi ilẹ̀kùn. Ilé iṣẹ́ tó ni kọ̀ǹpútà yóò bá yín tọ́jú ilé àti iná. Kò ní bá yín mọ̀ bóyá áàpù yín ti dákú, bóyá ibi tí ẹ ń kó fáìlì sí ti kún, tàbí bóyá olè kan ti jí kọ́kọ́rọ́ yín tó sì ń lo kọ̀ǹpútà ogún lórúkọ yín. Ìyẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Àyè ni ìkìlọ̀ fi ń wúlò

Ẹ̀yin tí ìdílé yín ti wà ní Ghana ṣáájú ọdún 1969 mọ ìtàn yìí jù mí lọ. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Kofi Busia kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọjà jọ ló fi ṣọ́ọ̀bù, ẹrù àti owó tí àwọn èèyàn jẹ wọ́n sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀ náà. Àyè tí wọn ó fi ṣe nǹkan sí i ni kò sí.

Mi ò fi ọ̀rọ̀ server wé ìyà tó jẹ èèyàn o. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé ìwúlò ìkìlọ̀ kò sí nínú ariwo rẹ̀. Inú àyè tó bá fi sílẹ̀ fún yín ló wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ẹ ní àyè ìkófáìlìsí tó jẹ́ 100 GB, àwòrán ọjà àti àkọsílẹ̀ tó ń wọ inú rẹ̀ sì jẹ́ 2 GB lójúmọ́. Bí ẹ bá ní kí wọ́n kìlọ̀ fún yín nígbà tó bá dé 80, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ ní láti wá nǹkan ṣe. Bí ẹ bá dúró di 98, ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wà lóde ìsìnkú. Ìkìlọ̀ kan náà ni, àmọ́ ọ̀kan jẹ́ ìrànlọ́wọ́, èkejì jẹ́ ìròyìn òfò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àṣẹ títẹ̀?

Gbogbo àwọn ilé iṣẹ́ yìí ló ní ojú ìwé mèremère tí èèyàn ti lè máa tẹ bọ́tìnì. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi bọ́tìnì ṣe, inú orí yín nìkan ló wà. Ohun tí ẹ bá kọ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ, lójú dúdú tí wọ́n ń pè ní command line, ẹ lè fi í pamọ́ sínú fáìlì. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹnìkejì yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ lè tún un ṣe fún server ogún kí ẹ tó mu tíì tán. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹ bá gbàgbé ohun tí ẹ ṣe, ẹ ó ṣí fáìlì náà ẹ ó sì kà á.

Àǹfààní mìíràn ni pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni àṣẹ. Dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé tó kún fún àwòrán. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń fà bí ìgbín, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ìbéèrè márùn-ún tí olùṣọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀

Bí ẹ bá gba mẹ́gáàdì tuntun, ẹ kò ní sọ fún un pé "máa ṣọ́ nǹkan" kí ẹ wá lọ sùn. Ohun márùn-ún ló yẹ kó mọ̀. Kí ló fẹ́ máa wò? Ti ilé wo ni? Ibo ni ààlà tí kò gbọdọ̀ kọjá? Yóò ti pẹ́ tó tàbí yóò ti rí i lẹ́ẹ̀melòó kó tó pariwo? Ta ni yóò lọ jí?

Kò sí òfin ìṣọ́ lórí cloud tó ju márùn-ún yìí lọ, ì báà jẹ́ ti Amazon, ti Microsoft tàbí ti Google. Ẹ jẹ́ ká fi ti Amazon ṣe àpẹẹrẹ. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ẹni tí wọn ó jí:

aws sns create-topic --name ikilo-soobu

Àṣẹ yìí la ọ̀nà tí ìkìlọ̀ yóò máa gbà. Yóò dá orúkọ gígùn kan padà fún yín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'arn'. Ẹ dà á kọ, kí ẹ wá so ímeèlì yín mọ́ ọn:

aws sns subscribe --topic-arn ORUKO-GIGUN --protocol email --notification-endpoint IMEELI-YIN

Ẹ dúró níbí o. Amazon yóò fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì náà pé kí ẹ tẹ ibì kan láti fi hàn pé ẹ gbà. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, ìkìlọ̀ kankan kò ní dé ọ̀dọ̀ yín láéláé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó sì máa rò pé ẹ ní olùṣọ́. Ẹ wo inú àpótí spam pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí ni òfin náà fúnra rẹ̀:

aws cloudwatch put-metric-alarm --alarm-name opolo-gbona --namespace AWS/EC2 --metric-name CPUUtilization --dimensions Name=InstanceId,Value=NOMBA-SERVER --statistic Average --period 300 --evaluation-periods 3 --threshold 80 --comparison-operator GreaterThanThreshold --alarm-actions ORUKO-GIGUN

Ó gùn lójú, ṣùgbọ́n ìbéèrè wa márùn-ún náà ni. 'CPUUtilization' ni ohun tó fẹ́ máa wò, ìyẹn bí ọpọlọ server ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. 'InstanceId' ni server tó kàn. '80' ni ààlà, ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. '300' jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún. '3' sì ni pé ó gbọ́dọ̀ rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápapọ̀, kó tó pariwo. 'alarm-actions' ni ẹni tí yóò jí.

Kí ló dé tí a fi ní lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Ẹ bi àwọn mẹkáníìkì ní Suame Magazine. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, ọwọ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn lè gòkè díẹ̀ kó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Bó bá gòkè tí kò sọ̀ mọ́ ni kí ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan. Bí ẹ bá tún àṣẹ yìí tẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà, tuntun yóò bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ohun tí ẹ bá gbàgbé láti kọ lẹ́ẹ̀kejì ti lọ nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ fi àṣẹ yín pamọ́ sínú fáìlì.

Ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ Microsoft, 'az monitor metrics alert create' ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ Google, ẹ lè kọ òfin náà sínú fáìlì, kí ẹ wá fi àṣẹ 'gcloud' gbé e wọlé. Orúkọ yàtọ̀, ìbéèrè márùn-ún kò yàtọ̀.

Mẹ́gáàdì ẹnu géètì kò rí inú yàrá

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Fún server EC2, Amazon lè sọ fún yín bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí mẹ́mọ́rì rẹ̀ àti àyè ìkófáìlìsí rẹ̀ ṣe kún tó, nítorí ìta ló ti ń wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ gbé áàpù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní CloudWatch agent sínú server náà. Ìṣirò 100 GB tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣiṣẹ́ láìsí i.

Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe àlàáfíà

Ipò mẹ́ta ni ìkìlọ̀ Amazon lè wà: OK, ALARM, àti INSUFFICIENT_DATA, tó túmọ̀ sí pé kò rí ohun tó tó láti fi dájọ́. Ẹ̀kẹta yìí ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí mẹ́gáàdì bá dákẹ́ láti òru mọ́jú, ó lè jẹ́ pé olè kò wá. Ó sì lè jẹ́ pé olè ti dì í lókùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ lè fi kún àṣẹ yín:

--treat-missing-data breaching

Ohun tó ń sọ ni pé, bí o kò bá gbọ́ ohùn server náà, kà á sí wàhálà. Ẹ lò ó fún server tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ má lò ó fún èyí tí ẹ máa ń pa lálẹ́, nítorí yóò máa jí yín lásán.

Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ghana, Nàìjíríà, Benin, Côte d'Ivoire àtàwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló fara gbá a. Àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Ghana, NCA, sọ pé àtúnṣe yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó kéré tán.

Ẹ wá ronú nípa ẹni tí server rẹ̀ wà ní Yúróòpù lọ́jọ́ yẹn. Kò sí nǹkan tó ṣe server. Kódà ó ń sinmi, nítorí oníbàárà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òfin tó ní "pariwo bí iṣẹ́ bá ju 80 lọ" yóò wà ní OK láti àárọ̀ di alẹ́, nígbà tí ọjà ti kú pátápátá. Nítorí náà, ẹ má fi ààlà sókè nìkan. Ẹ fi sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé èèyàn ọgọ́rùn-ún ló máa ń wọ ojú òpó yín láàárín wákàtí kan lọ́sàn-án, ẹ kọ òfin kan pẹ̀lú 'LessThanThreshold' kó pariwo bí wọ́n bá dín sí mẹ́wàá. Ọjà tó dá lójijì, ó ní ohun tó fà á.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ìkìlọ̀ tó gba ímeèlì nìkan kò lè dé lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Ẹ fi SMS kún un. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà fún ìkìlọ̀ tó le jù nìkan.

Dọ́là ni wọ́n ń kà, cedi lẹ ń pa

Owó cloud kò dà bí owó ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń san lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ẹ bá ṣe lò ó ni wọn ó ṣe kà á, dọ́là sì ni wọ́n sábà máa ń fi kà á. Ẹni tó wà ní Ghana lọ́dún 2022, nígbà tí cedi ń ṣubú, mọ̀ pé gbèsè dọ́là lè wú láìjẹ́ pé ẹ fi kún ohun tí ẹ ń lò. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà rí tiwọn lọ́dún 2023 nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀.

Amazon ní òṣùwọ̀n kan tó ń jẹ́ EstimatedCharges. Ẹ lè kọ òfin lé e lórí pé kó kìlọ̀ bí owó oṣù yìí bá kọjá dọ́là 20. Nǹkan méjì ni kí ẹ mọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan ìkìlọ̀ owó níbi ètò ìsanwó, kí ẹ sì kọ '--region us-east-1' sínú àṣẹ náà, nítorí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú òṣùwọ̀n yìí sí, ibi yòówù kí server yín wà. Èkejì, ìkìlọ̀ owó kì í dá owó dúró. Ó kàn ń sọ fún yín ni. Ẹ̀yin lẹ ó dìde lọ pa ohun tó ń jẹ owó.

Bákan náà, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ àṣẹ yín sínú fáìlì tí gbogbo ayé lè rí lórí GitHub. Àwọn olè ní ẹ̀rọ tó ń wá irú rẹ̀ kiri tọ̀sán-tòru. Ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń ṣètò ìkìlọ̀ jẹ́ èyí tí kò lè ṣí yàrá mìíràn.

Ajá tó ń gbó ewúrẹ́

Ajá tó bá ń gbó gbogbo ewúrẹ́ tó kọjá, tí olè bá dé tó gbó, onílé á ní kó panu mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkìlọ̀ tó pọ̀ jù. Bí fóònù yín bá ń dún nígbà ogójì lóòjọ́, ní ọ̀sẹ̀ kejì ẹ ó pa ohùn rẹ̀, ìgbà ogójì ó lé kan ló sì máa jẹ́ òtítọ́.

Kí ẹ tó kọ òfin kankan, ẹ bi ara yín pé: bí èyí bá jí mi ní agogo mẹ́ta òru, kí ni màá dìde ṣe? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ má kọ ọ́. Ẹ lè máa wò ó láàárọ̀. Ẹ sì kọ ohun tí ẹ ó ṣe náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣẹ nínú fáìlì, nítorí orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kì í rántí nǹkan.

Lórí ọ̀rọ̀ agogo, orí ti bá ẹ̀yin ará Kumasi ṣe é. Agogo UTC ni CloudWatch ń lò, òun náà sì ni agogo Ghana. Ẹnìkejì yín tó wà ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ fi wákàtí kan kún un kó tó mọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ọ̀bẹ kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2017, òṣìṣẹ́ Amazon kan tẹ àṣẹ kan láti yọ server díẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ìkófáìlìsí wọn, S3, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ó ṣi ohun kan tẹ̀ nínú àṣẹ náà, server tó kúrò sì pọ̀ ju èyí tó fẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ojú òpó ló dákú fún wákàtí bíi mẹ́rin. Ojú ìwé tí Amazon fi ń sọ fún aráyé pé iṣẹ́ wọn ń lọ dáadáa kò lè yí padà, nítorí S3 náà ló gbára lé.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram kúrò lórí ayélujára fún bíi wákàtí mẹ́fà. Àwọn irinṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn ìbá fi tún un ṣe bá a lọ.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olùṣọ́ kan wà níta ilé. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ní ibòmíràn, tàbí iṣẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, tó ń kan ilẹ̀kùn ojú òpó yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, kó pè yín. Láti inú ìtàn 2017 náà, ẹ mú èyí dání: ẹ ka àṣẹ yín lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter.

Ẹ dán an wò kí ọjọ́ burúkú tó dé

Òfin tí ẹ kò bá tíì rí kó pariwo, ẹ má tíì gbẹ́kẹ̀ lé e. Àṣẹ kan wà fún ìdánwò:

aws cloudwatch set-alarm-state --alarm-name opolo-gbona --state-value ALARM --state-reason "idanwo"

Yóò ṣe bí ẹni pé wàhálà ti dé. Bí ímeèlì bá wọlé, ọ̀nà mọ́. Bí kò bá wọlé, ẹ ti rí àlébù náà lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹ ń mu omi tútù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, òfin náà yóò padà sí ipò rẹ̀ gan-an.

Ẹ má lọ kọ òfin ogún lálẹ́ òní. Mẹ́ta tó fún ọ̀sẹ̀ yìí: ọ̀kan lórí owó, ọ̀kan tó ń wò bóyá server wà láàyè, ọ̀kan lórí oníbàárà tó bá dín kù lójijì. Amazon kò gba kọ́bọ̀ lórí ìkìlọ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ irú èyí, nítorí náà owó kọ́ ni àwáwí.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí kò ní tẹ àṣẹ kankan, iṣẹ́ tiyín ni láti bi ọmọ tó bá yín ṣe ojú òpó ní ìbéèrè kan: "Bí ó bá dákú lóru, ta ni yóò mọ̀, báwo ni yóò sì ṣe mọ̀?" Bó bá ń fi orí wọ́gi, ẹ jẹ́ kó wá bá mi kí ẹ tó san owó tó kù.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.